Ta Ni Yóò Fọ Ewé?

Bí òjò bá ti rọ̀ tí gọ́tà kún, tí omi gba títì, tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ń léfòó kiri lójú ọ̀nà Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnìkan á ṣáà sọ ọ́ ni: "Ẹ jẹ́ ká padà sí ewé." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù. Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Mo gbọ́ ọ nípàdé lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa, níbi tí alága ti ki ewé ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá tán, tí akápò sì wá ń pín omi inú ọ̀rá fún wa kí ọ̀fun má baà gbẹ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Bí a bá da ewé sí ààtàn, ilẹ̀ á jẹ ẹ́, kò ní pẹ́ tí á fi di ilẹ̀dú. Èmi náà fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín eléwé ju tinú ọ̀rá lọ, n kò sì tíì rí ẹni tó fi òótọ́ inú sọ pé òun ò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ gbólóhùn yẹn rí lẹ́nu ẹni tó ń fọ ewé.

Ìyá ìyá mi ta ẹ̀kọ ní Ìjérù, ó tà á títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì. Ní ìlú tí oríkì rẹ̀ ń sọ pé a ti ń jẹ ọkà ká tó mu ẹ̀kọ, ipò kejì ni wọ́n fi ẹ̀kọ sí, ṣùgbọ́n wàhálà ẹ̀kọ kò ṣe ipò kejì sí ti oúnjẹ kankan. Ẹ ó rẹ àgbàdo sómi, ẹ ó máa pààrọ̀ omi rẹ̀, ẹ ó gbé e lọ sílé ẹlẹ́rọ, ẹ ó sẹ́ ẹ, ẹ ó fi í sílẹ̀ kí ògì rọ̀ sídìí ìkòkò kí omidùn dá sókè. Lóru, nígbà tí ará àdúgbò ṣì ń hanrun, ẹ ó dáná, ẹ ó máa rò ó títí apá á fi fẹ́ yọ. Gbogbo èyí, a ò tíì fọwọ́ kan ewé o. Iṣẹ́ ewé dá dúró gedegbe. Wọ́n á tú ìdì ewé, wọ́n á ṣa èyí tó ya àti èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, wọ́n á gé igi ìdí rẹ̀, wọ́n á fọ ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí iyanrìn àti aláǹtakùn, wọ́n á fi aṣọ nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Lásìkò ọyẹ́, ewé á gbẹ, wọ́n á yá a síná díẹ̀ kó lè rọ̀ kó tó ṣeé ká. Tó bá jẹ́ ti mọ́ínmọ́ín, wọ́n á gbé ewé lé ewé, wọ́n á ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sókè kó má jò. Bí ìdí ewé kan bá jò pẹ́nrẹ́n, ẹ̀wà lílọ̀ inú rẹ̀ ti bá omi ìkòkò lọ, èrè ọjọ́ náà sì ti ń bá a lọ.

Ta ló ń ṣe é? Ìyá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, kí wọ́n tó lọ sílé ìwé. Ìyá mi kì í fi ẹ̀rín sọ ìtàn náà. Ohun tó máa ń rántí ni omi ewé nínú ọyẹ́, ìka ọwọ́ tó ń la, àti pàṣán olùkọ́ tó ń dúró de ẹni tó bá pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti oṣù kìíní ọdún 1955, nítorí náà owó ilé ìwé kọ́ ló fẹ́ dá a dúró, ewé ni. Àwọn arákùnrin rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ń sùn. N kò fi èyí bú wọn, bí ayé ìgbà yẹn ṣe rí ni. Ẹni tó bá ní kí ọmọkùnrin òun lọ fọ ewé ẹ̀kọ nígbà náà, àwọn ará ilé á bi í bóyá ọmọ náà ṣẹ̀ ẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún ọwọ́ tó ń fọ ewé, ìdí nìyẹn tí ewé fi pọ́ọ́kú. A jẹ ẹ́ ní pọ́ọ́kú lórí àwọn ọmọbìnrin, a wá ń rántí rẹ̀ báyìí bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ.

Nígbà tí ọ̀rá dé, ilé ti ṣófo. Àwọn ọmọbìnrin ti lọ síléèwé gíga, òmíràn wà l'Ékòó, òmíràn ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tó fi ń ránṣọ. Ìyá ẹlẹ́kọ nìkan ló kù sídìí ìkòkò, òun àti orúnkún tó ń ro ó. Ẹnìkan wá gbé ọ̀rá pélébé wá bá a: da ẹ̀kọ sí i, so ó, ó parí. Ṣé ẹ ó ní kó má gbà á? Bí mo bá wà ní ipò rẹ̀, màá gbà á kí onítọ̀hún tó sọ̀rọ̀ tán.

Mo bi ìyá kan tí mo máa ń ra mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ rẹ̀ nítòsí Tákíè ní ìbéèrè yìí. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ẹ kú ọjà o, Mà. Ẹ dákun, kí ló dé tí ẹ ò fi ewé ṣe é mọ́?" Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé wàá rà á?" Mo ní màá rà á. "Ní iye tí mo bá pè é?" Mo dákẹ́ díẹ̀ kí n tó dáhùn, òun sì ti bú sẹ́rìn-ín. "O ò rí i? Àwọn tó ní kí n máa fi ewé ṣe é pọ̀ bí nǹkan mìíràn. Wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á ní ti ọ̀rá tóbi jù ú lọ. Ṣé èmi ni mo ní kí ewé wọ́n ni?" Ó sọ fún mi pé ìdì ewé tí òun ń rà báyìí ti rù, owó rẹ̀ sì ń sanra. Ó ní bí mọ́tò ò bá ti wọlé, ewé ò sí nìyẹn, oníbàárà ò sì ní gbọ́ àlàyé. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá ní ọ̀lẹ ló sọ àwọn ìyá wa di ọlọ́ọ̀rá, mo máa ń fẹ́ mú un lọ́wọ́ lọ sídìí ìkòkò yẹn ní òwúrọ̀ kùtù.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò tó sọ kì í ṣe àsọdùn. Ewé eéran, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ewé mọ́ínmọ́ín, ọmọ igbó ni. Abẹ́ òjìji igi ńlá ló ti ń hù, níbi tí ilẹ̀ ti tutù, lọ́nà Ifẹ̀, lọ́nà Oǹdó, lọ́nà Èkìtì. Ọ̀dàn ni Ògbómọ̀ṣọ́ bá pààlà. Ẹmi, màngòrò àti kajú ló mọ ilẹ̀ tiwa dáadáa. Àlejò tó wọ mọ́tò wá ni eéran lọ́jà wa, láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sí àlejò tó ń wọ mọ́tò ní pọ́ọ́kú mọ́. Ewé tíìkì tí àwọn kan fi ń di ẹ̀kọ àti obì ṣì wà ní tòsí, ṣùgbọ́n igi tí wọ́n gbìn fún pákó ni tíìkì. Lọ́jọ́ tí agégi bá dé sí i, ewé ti bá igi lọ.

Nínú igbó ọ̀hún gan-an, eéran ò fẹ́ oòrùn. Bí wọ́n bá gé àwọn igi ńlá orí rẹ̀ lọ sílé ìlagi, tàbí tí wọ́n pa igbó rẹ́ ráúráú láti fi dáko, eéran á kọ́kọ́ pọ́n, á wá kú. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé ewé yìí kì í ṣe ewé lásán. Ó ń so èso pupa kan sídìí, lẹ́bàá ilẹ̀, tí adùn rẹ̀ ń dúró lẹ́nu títí. Dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ W. F. Daniell kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1855, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pe ewé náà, Thaumatococcus daniellii. Ní ọdún 1972, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì yọ ohun tó ń mú un dùn sọ́tọ̀. Wọ́n pè é ní thaumatin, tí ìwọ̀n rẹ̀ kan dùn ju ìwọ̀n ṣúgà kan náà lọ ní ìlọ́po bíi 2,000. Ní Yúróòpù lónìí, E957 ni wọ́n ń kọ fún un lára páálí oúnjẹ. Àwa jẹ mọ́ínmọ́ín tán, a ju ewé, a gé igbó. Bí àwọn tó ń pariwo pé ká padà sí ewé bá lè fi ìdajì ariwo náà béèrè bí igbó Oǹdó ṣe kù sí, màá gbà pé ewé ni wọ́n ń wá lóòótọ́.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rá omi, torí òun ni gbogbo ènìyàn ń bú jù, òun náà sì ni gbogbo ènìyàn ń mu. Àwọn ọ̀dọ́ lè má mọ ohun tó wà kí píọ̀ wọ́tà tó gbòde láàárín ọdún 1990 sí 1999. Ọmọdé tó ru báàsì oní-yìnyín ló ń kiri omi ní gáréèjì. Kọ́ọ̀pù kan ni, ẹni tó bá mu tán á dá a padà, ọmọ náà á rì í bọmi, á gbé e fún ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ ọ̀rá kí wọ́n tó bu omi sí i so. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó wà lẹ́nu tó fẹ́ ọ̀rá náà. Píọ̀ wọ́tà wá dé pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC, wọ́n fi ẹ̀rọ dì í, ogún ọ̀rá nínú àpò kan, gbogbo wa sì mí kanlẹ̀.

Kí ló fà á tí a fi nílò rẹ̀? Ẹ̀rọ omi ìjọba kò yọ omi mọ́ ni. Odò Ọbà wà níbẹ̀, ìsédò wà lórí rẹ̀, síbẹ̀ ẹ lọ yíká Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, ẹ lọ yíká Under-G níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún dẹ́múdẹ́mú, kí ẹ ka ilé tí omi ìjọba ń wọ̀. Kànga ni, bọ̀rì-hóòlù ni, ọ̀rá ni. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ á gboyè jáde láì rí ẹ̀rọ omi ìgboro tó ń ṣiṣẹ́ rí. Ọ̀rá kọ̀ọ̀kan tó wà nínú gọ́tà yẹn, rísíìtì omi tí ìjọba ò pèsè ni. Ó sì ṣòro fún mi láti jókòó gbọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bá aráàlú wí lórí rísíìtì.

Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọ̀rá náà pàápàá. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn mọ́lẹ̀, ẹ̀mí tó lé ní 200 ló bá a lọ. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí píọ̀ wọ́tà. Ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà odò, ilẹ̀ tí wọ́n dà sínú rẹ̀ àti afárá tó fún pinpin ló ṣe é. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún gbé ènìyàn tó lé ní 100 lọ nínú ìlú kan náà. Nígbà yẹn ọ̀rá ti wà nílẹ̀ pitimu, ó sì ti kún ohun tó ń dí ojú omi. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣa gbogbo ọ̀rá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́la, tí a fi ẹni tó mọ fẹ́ǹsì dí ojú àgbàrá sílẹ̀ nítorí pé ó ní owó, omi á padà wá. Ọ̀rá ò ní lọ́yà. Onífẹ́ǹsì ní.

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé èmi ni lọ́yà ọ̀rá. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ yunifásítì kan ní Amsterdam yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 22 wò, wọ́n sì rí ẹ̀rúnrún ike nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 17. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Èmi kàn mọ̀ pé n kò rán an níṣẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alápatà ohun tó ń bá nínú àpòlúkù màlúù àti ewúrẹ́ tó ń jẹ káàkiri ìgboro. Ọ̀rá ni, tó ti lọ́ mọ́ra wọn di odidi. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ọkọ̀ akólẹ̀ ò bá wá, olúkúlùkù á kó ilẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìnkùlé, á ṣáná sí i, èéfín ọ̀rá á bo àdúgbò, àwa tó ní ikọ́ á máa wú, àwa tí a ò ní á máa kọ́ ọ. Nípa mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ń sè nínú ọ̀rá, mo ti sọ ọ́ nílé pé ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ ẹ́, èmi ò ní dá a dúró, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ọ̀rá tó bá ìkòkò gbígbóná jókòó fún wákàtí kan lẹ́nu mi. Ó sàn kí n jẹ ti inú agolo mílíìkì, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é nígbà kan. Kò rí bíi ti ewé, ṣùgbọ́n ẹ ó fọ agolo náà, ẹ ó tún un lò.

Àwọn kan ní òfin ni ká ṣe. Rwanda fòfin de àpò ọ̀rá láti ọdún 2008. Kenya ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2017, ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ níbẹ̀ lè ṣe ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún mẹ́rin. Nílé níbí, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de fóòmù téékàwéè ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé àwọn ike àlòdànù mìíràn láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. Nínú oṣù kẹjọ ọdún kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè ayé jókòó ní Geneva láti fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí ike, wọ́n sì tú ká láì rí nǹkan kan fọwọ́ sí. Inú epo rọ̀bì ni ike ti ń wá, àwọn tó ní epo ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn sọ̀rọ̀ iye tí wọn yóò máa ṣe jáde.

N kò lòdì sí òfin. Ẹni tó bá ń mú un ṣẹ ni mo ń wò. Ìyá àgbà máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń sá fún wọlé-wọlé, ọkùnrin tó ń yọjú sínú àmù láti wá tanwíjí. Bó bá rí i, ilé ẹjọ́ ni. Ìyá àgbà ní òun ò rántí ìgbà kan tí wọ́n sọ pé wọlé-wọlé yọjú sínú àmù ẹni ńlá. Bí òfin ọ̀rá bá dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la, mo mọ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbá láwo dànù. Ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín ní Tákíè ni. Ilé iṣẹ́ tó ń rọ ọ̀rá á gba lẹ́tà, pẹ̀lú oṣù mẹ́fà láti fi dáhùn. Ẹ fi òfin mú ẹni tó ń rọ ọ̀rá. Ẹ mú òun kọ́kọ́. Ẹ jẹ́ ká wá wo iye tí yóò kù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà.

Nígbà tí mo bá lọ sí Ọ̀yọ́, mo máa ń dúró lọ́dọ̀ àwọn onígbá. Ọjà Akẹ̀sán jóná ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n ti tún un kọ́, ẹ̀dùn-ọkàn àwọn tó pàdánù ọjà wọn kò sì tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ igbá ò kú ní Ọ̀yọ́. Nígbà kan, igbá ló ṣe gbogbo ohun tí ike ń ṣe lónìí: ahá la fi ń mu omi àti ẹmu, kèrègbè la fi ń gbé e lọ sóko, àdó la fi ń tọ́jú oògùn, igbá ńlá la fi ń dé oúnjẹ. Rọ́bà gba gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Igbá fínfín nìkan ló kù tí owó ń wọlé fún. Ẹ jókòó ti ọkùnrin tó ń fi ọ̀bẹ fín in, ẹ ó rí i pé kò yára. Ó á pe iye, ẹ ó ná an, kò ní wálẹ̀ púpọ̀, ẹ ó sì san án, torí ojú yín ló ṣe rí ìlà tó fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó wá gbé e délé, ẹ ó fi í kọ́ ara ògiri, ẹ ó máa fi han àlejò.

Ohun tí mo rò sí i nìyí, ẹ lè bá mi jiyàn. Àwọn ọkùnrin ló ń fín igbá, a sì ń pè é ní iṣẹ́ ọnà. Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọbìnrin ló ń ká ewé, a ò sì pè é ní nǹkan kan. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ewé ká mọ́ínmọ́ín tí kò ní jò, kí ẹ rí i bóyá kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, àjọ UNESCO kọ ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú àkọsílẹ̀ àṣà tí gbogbo ayé ní láti dáàbò bò. Inú mi dùn, ó tọ́ sí wa. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣeé wò ló ń wọnú ìwé bẹ́ẹ̀: ìlù, ijó, aṣọ, iná tó ń jáde lẹ́nu. Bí èrò bá tú ká lójúde ààfin, ọ̀rá ló kù nílẹ̀, obìnrin kan ló sì máa gbá a.

Ìgbéyàwó ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n á gbé igbá ẹrù ìyàwó jáde, wọ́n á ti fi àrán àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, alága ìdúró á fi ohùn dídùn kí i. Lẹ́yìn náà, jọ̀lọ́ọ̀fù á jáde nínú fóòmù, omi nínú ọ̀rá, ohun mímu nínú ike, àpò ọ̀rá tí wọ́n tẹ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sí á sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sílé. Nípa rọ́bà tí wọ́n ń pín níbi òkú, tí àwòrán olóògbé wà nídìí rẹ̀, n kò ní bú ìyẹn. Ó ń pẹ́. Àwọn olóògbé ìlú yìí ló ń bá mi gbọ́n omi nínú bálùwẹ̀, mo sì ti mọ ojú wọn ju ti àwọn aládùúgbò mi lọ.

Ṣé kí a wá sọ pé ewé ti lọ nìyẹn? N kò gbà. Ọlọ ni wọ́n fi ń lọ ata àti ẹ̀wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ dé, ó gba ọlọ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, kò sì sí ẹni tó ní mọ́ínmọ́ín kì í ṣe mọ́ínmọ́ín mọ́. Ẹ̀gẹ́ pàápàá, ẹ̀rọ ló ń rin ín. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò ro ti ewé? Omi tó ń ṣàn, fọ́ọ́mù rírọ̀ tó ń yí, afẹ́fẹ́ tó ń gbẹ ẹ́: kì í ṣe ohun tó le ju ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ. Láti ọdún 1990 ni yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti wà nílùú yìí, LAUTECH tí a fi orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá sọ, ọmọ ìlú yìí kan náà. Bí ẹnìkan níbẹ̀ bá ti ṣe ẹ̀rọ ìfọwé, kò tíì dé Tákíè. Màá yọ̀ mọ́ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ju ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí àyíká lọ, níbi tí wọ́n á ti fún wa ní báàgì, bírò àti omi inú ike.

Kó tó dé, owó ni mo gbà pé ó kù. Àwa tí a lè ra aṣọ ẹbí, tí a lè gba kánópì àti olórin, ká san owó ọwọ́ tó ń fọ ewé. Nígbà tí àbúrò mi ń kó ọmọ jáde, mo lọ bá ìyá Tákíè yẹn, mo ní eléwé ni mo fẹ́, gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Owó ewé lọ́tọ̀ o, owó fífọ̀ lọ́tọ̀, owó dídì lọ́tọ̀. Àbí kí ìwọ fúnra rẹ wá fọ̀ ọ́." Mo ní ti fífọ̀, màá mú ènìyàn wá. Ó rò pé ọmọbìnrin ni màá mú wá. Àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì ni mo kó lọ síbẹ̀ ní ìdájí. Èyí ẹ̀gbọ́n béèrè pé kí ló ṣe ọ̀rá. Èyí àbúrò ya ewé púpọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú. Ìyá náà jókòó tì wọ́n, ó ń kọ́ wọn, ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó ń kọjá lọ sílé ìjọsìn ń dúró wò wọ́n. Nígbà tí a ṣírò owó, ó ka àwọn tó ya mọ́ mi lọ́rùn. "Èyí tí àwọn ọkọ mi bà jẹ́ ńkọ́? Ṣé èmi ni màá san án?" Mo san án. Bí a ṣe délé, àwọn ọmọ náà ní àwọn ń dúró de owó iṣẹ́ tiwọn, mo sì fún wọn.